Ọkọ̀ tí a ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe àti ìdánwò èéfín MOT: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí fóònù mi má dún lórí ọ̀rọ̀ MOT yìí, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ní Britain. "Bọ̀dá, ọmọ mi ra Golf, ó ti ki páìpù ràgàjì kan bọ̀ ọ́ nídìí, MOT rẹ̀ sì ku ọjọ́ mẹ́ta." "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n yọ DPF, asẹ́ èéfín dísẹ́ẹ̀lì mi, wọ́n ní epo mi ò ní tètè tán mọ́." Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí n tó dé London. Ibí ni ojú mi ti là sí i pé ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì ní Ládípọ̀ lè fìdí rẹmi níbí nítorí èéfín lásán. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ. England, Scotland àti Wales ni ìdáhùn mi bá wí; Northern Ireland ní ètò tirẹ̀.

Ṣé òfin ò fẹ́ kí èèyàn tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ni?

Òfin ò bá yín jà. Ẹ lè gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ lè fi tọ́bò sí i, ẹ lè pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ni pé wọ́n rò pé ẹnubodè kan ṣoṣo ló wà. Mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bó bá ti pé ọdún mẹ́ta. Èkejì ni òfin ojú títì fúnra rẹ̀, tí wọ́n lè fi mú yín lọ́jọ́ tí ẹ ò retí. Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà ULEZ, ètò tó ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò bá ìwọ̀n èéfín mu ní London. Ọkọ̀ lè gba ọ̀kan kọjá kí òmíràn dá a dúró, torí kò sí èyí tó ń bá èkejì gbẹ́jọ́ nínú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Kí ni tẹ́sítà ń wò gan-an ní ti èéfín?

Ojú ló kọ́kọ́ ń lò. Ó máa wo abẹ́ ọkọ̀ àti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ohun tí iléeṣẹ́ fi síbẹ̀ láti pa èéfín kù ṣì wà: kátálíìsì, DPF, EGR (tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì), sẹ́ńsọ̀ oxygen. Kò ní tú bóòtù kankan. Ohun tí ojú bá rí láìtú nǹkan ni. Lẹ́yìn náà ló máa wo iná ẹ́ńjìnnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ló tó ki ọ̀pá ẹ̀rọ bọ ẹnu páìpù.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti bẹntiróòlù, tí wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó láti July 1, 2002 síwájú, wọ́n á tẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé 2,500 sí 3,000 rpm (iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan). Níbẹ̀, CO (carbon monoxide, gáàsì olóró) kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, HC (epo tí kò jó tán) kò gbọdọ̀ ju 200 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), lambda (bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pò) sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.97 sí 1.03. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, CO kò gbọdọ̀ ju 0.3. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń lò bí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kò bá fún un ní tirẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ ń jẹ àánú díẹ̀: láti August 1986 sí July 1992, CO 3.5 àti HC 1,200 ni wọ́n fàyè gbà. Èyí tí wọ́n ti lò kí August 1975 tó dé, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo èéfín rẹ̀.

Ti dísẹ́ẹ̀lì yàtọ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ẹ̀rọ á wá wọn bí èéfín ṣe ṣú tó. Láti May 2018, iye tí iléeṣẹ́ kọ sára ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé. Bí kò bá sí, 0.7 ni fún ọkọ̀ láti 2014, 1.5 fún èyí tó ṣáájú rẹ̀ títí dé July 2008, 3.0 fún àgbà dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò, 2.5 fún èyí tí kò ní.

Mo ti yọ kátálíìsì, mo fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ lè má mọ̀?

Á mọ̀. Inú kátálíìsì dà bí afárá oyin tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium díẹ̀díẹ̀ pa lára. Bó bá ti gbóná tó nǹkan bí 300°C, á sọ CO di CO2, á jó ìyókù epo tí kò jó tán, á sì tú NOx (gáàsì olóró tí nitrogen àti oxygen pò di) padà sí nitrogen. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe fẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ pò: afẹ́fẹ́ bíi 14.7 sí epo 1. Lambda 1 nìyẹn. Ìdí rèé tí sẹ́ńsọ̀ fi wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ti iwájú ń sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, bí epo ṣe pò, ti ẹ̀yìn ń ṣọ́ bóyá kátálíìsì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá yọ ọ́ kúrò. CO tó ń jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá máa ń fi 0.2 sílẹ̀ sẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn á sì tan iná sí yín lójú. Ọ̀nà méjì lẹ ti fi kùnà, tẹ́sítà ò sì tíì wo abẹ́ ọkọ̀. Bó bá wo ibẹ̀ tí kò bá nǹkan kan, àléébù ńlá tí ìwé wọn ń pè ní major ni.

Àwọn kan máa ń ta irin kékeré kan tí wọ́n fi ń ti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn jìnnà sí èéfín kó má baà gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa. Iná á kú lóòótọ́. Èéfín ò ní kú. Ẹni tó tà á fún yín ò sì ní bá yín dé ilé MOT.

Ọgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni pé wọ́n á gbé kátálíìsì padà wọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ MOT, wọ́n á tún yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gba ẹnubodè àkọ́kọ́ kọjá, mi ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ọkọ̀ tí kò bá ìwọ̀n èéfín tí wọ́n ṣe é fún mu mọ́ kò gbọdọ̀ wà lójú títì, ì báà ní ìwé MOT tútù lọ́wọ́. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe é.

Sports cat ńkọ́?

Ìyẹn yàtọ̀. Kátálíìsì ni, afárá rẹ̀ ló fẹ̀ kí èéfín lè tètè kọjá. Kò sí ohun tó ní ti iléeṣẹ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó ṣáà ti yege lẹ́nu ẹ̀rọ. Ibi tí ìṣòro wà ni àwọn olówó pọ́ọ́kú: irin iyebíye inú wọn tín-ín-rín, wọ́n á yege lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á kùnà lọ́dún kejì. Fún ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti March 2001, ẹ wá èyí tó ní àmì ìfọwọ́sí tí lẹ́tà E wà lára rẹ̀.

Olè ló gé kátálíìsì mi lọ. Ṣé tẹ́sítà á gbọ́ àlàyé?

Kò ní gbọ́. Kò sí níbẹ̀, ó parí. Ẹ pe ìnṣọ́ránsì kẹ́ ẹ tó pe mẹkáníìkì. Ẹ̀yin oní-Prius, oní-Auris àti oní-Jazz ni wọ́n ń dójú sọ jù, torí ẹ́ńjìnnì hybrid máa ń sinmi púpọ̀, irin iyebíye inú kátálíìsì rẹ̀ kì í tètè jẹ tán.

Wọ́n ní kí n yọ DPF inú dísẹ́ẹ̀lì mi. Kí lẹ rí sí i?

Asẹ́ ni DPF. Ó ń gba èérí dúdú tó wà nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì, bó bá sì kún, ọkọ̀ á gbóná rẹ̀ dé nǹkan bí 600°C láti jó èérí náà di eérú. Kó tó lè ráyè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn jìnnà díẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé ní Peckham, tó yà sí ọjà, tó padà sílé, tí kì í kọjá máìlì mẹ́ta, kò jẹ́ kí asẹ́ rẹ̀ jó rí. Á dí. Iná á tàn. Mẹkáníìkì kan á wá ní, "Ẹ jẹ́ ká gé e, ká kó inú rẹ̀ dànù, ká jó o padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ìtàn DPF ní MOT lọ báyìí. Láti February 2014 ni tẹ́sítà ti gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Nígbà yẹn agolo òfìfo ń kọjá, torí ojú ò rí inú irin. Ní May 2018 wọ́n fún okùn náà le. Bí èéfín kan, àwọ̀ yòówù kó ní, bá hàn síta lẹ́nu ọkọ̀ tó ní DPF, major ni. Bí àpá bá wà pé wọ́n ti gé agolo náà, tí wọ́n sì jó o padà, ó kùnà, àfi kí ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé wọ́n kàn tú u láti fọ̀ ọ́ ni. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ká tiẹ̀ ní ó kọjá. Níbi tí ẹnubodè àkọ́kọ́ parí sí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Yíyọ DPF kúrò lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é mọ́, kẹ́ ẹ sì máa wà á lójú títì, ó lòdì sí òfin, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti £2,500 fún váàn. Ìwé MOT kì í ṣe àwíjàre.

Ìmọ̀ràn mi: bí iná DPF bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ẹ gbé e lọ sí M25, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí London ká, fún ìdajì wákàtí, kí ẹsẹ̀ yín dúró déédéé lórí epo, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò fi jó ara rẹ̀. Bí ìyẹn bá kọ̀, owó fífọ̀ kéré jọjọ sí ti tuntun. Bó bá sì jẹ́ ojúlé dé ojúlé nìkan lẹ ń rìn, dísẹ́ẹ̀lì kọ́ ni ọkọ̀ yín. Ẹni tó tà á fún yín ló yẹ kó ti sọ bẹ́ẹ̀.

Remap, ìyẹn títún ètò inú brain box kọ, ńkọ́? Wọn kì í ṣáà ki sikánà bọ ọkọ̀ ní MOT.

Òótọ́ ni, tẹ́sítà MOT kì í wo inú brain box. Remap tí wọ́n ṣe dáadáa, tí kò pa ohun kankan tó jẹ mọ́ èéfín, lè kọjá láìsí ariwo. Èyí tí ń ṣekú pani ni remap tí wọ́n fi pa EGR tàbí DPF lẹ́nu mọ́, tàbí tó ń da epo lé dísẹ́ẹ̀lì lórí títí yóò fi máa tú èéfín bí ọkọ̀ agbépo ọ̀nà Ìbàdàn. Ìyẹn ò nílò sikánà. Àwọn àgbà kúkú ti wí: èéfín nìwà, rírú ní ń rú.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ jìbìtì sọ́fíwia. Ní September 2015 ni àṣírí Volkswagen tú ní Amẹ́ríkà: wọ́n ti kọ ọ́ sínú brain box pé kí ọkọ̀ máa ṣe jẹ́jẹ́ bó bá mọ̀ pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún òun. Nǹkan bí mílíọ̀nù mọ́kànlá ọkọ̀ ló ní in káàkiri ayé, mílíọ̀nù kan ó lé nínú wọn sì wà ní Britain.

Ẹ sọ fún ìnṣọ́ránsì. Remap kò hàn lójú, àmọ́ lẹ́yìn jàǹbá, wọ́n mọ ibi tí wọn yóò wò.

Ṣé mo kàn lè pa iná ẹ́ńjìnnì náà ni?

Wọ́n ti ronú ṣáájú yín. Ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí ẹ bá ṣínà, kó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra. Bí kò bá tàn rárá, ó kùnà. Bó bá tàn tí kò kú, ó kùnà. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti July 2003 àti dísẹ́ẹ̀lì láti July 2008 ni òfin yìí mú.

Mo gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn sínú tèmi. Ìwọ̀n ta ni wọ́n máa lò?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, torí àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lo ọkọ̀ náà. Bó bá ṣáájú September 1, 2002, ìwọ̀n èyí tó dàgbà jù nínú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò. Ọkọ̀ 1995 tí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì 1991 sí, ìwọ̀n 1991 ni. Ọkọ̀ 1995 tí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì 1998 sí, ìwọ̀n 1995 ni. Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn pé ẹ́ńjìnnì náà dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tẹ́sítà ò ní bá yín wá a. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti September 2002 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kò sí oríire kankan nínú ẹ́ńjìnnì àgbà: ọjọ́ orí ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, irú epo tó ń mu, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá yí èyíkéyìí padà, ẹ fi tó wọn létí pẹ̀lú rìsíìtì tàbí ìwé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Mo rí ọkùnrin kan tó ra Honda tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé. Oṣù méjì gbáko ló fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ìnṣọ́ránsì.

Ọkọ̀ mi ti lé lógójì ọdún. Ṣé mo ti bọ́?

Láti May 2018, ọkọ̀ tó ti pé ogójì ọdún kò nílò MOT mọ́, bí wọn ò bá ti yí i padà gidigidi ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé V8 sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré, ọ̀rọ̀ yín lèyí.

Ọkọ̀ mi yege MOT, èéfín rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kí ló dé tí wọ́n ń gba £12.50 lọ́wọ́ mi?

Ẹnubodè kẹta nìyẹn. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kámẹ́rà ULEZ ń kà, kì í gbọ́ òórùn páìpù yín. Láti August 29, 2023, gbogbo àgbègbè London ló wà nínú rẹ̀, tọ̀sán-tòru, àfi ọjọ́ Kérésìmesì. Bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 4 (ìpele ìwọ̀n èéfín ti Yúróòpù), tó sábà bẹ̀rẹ̀ láti 2006. Dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6, láti nǹkan bíi September 2015. Kátálíìsì tuntun tí ẹ rà kò yí ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ padà. Àmọ́ bí ọkọ̀ bẹntiróòlù yín bá ṣáájú 2006, ẹ má tíì tà á. Ẹ bèèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é: bí NOx rẹ̀ kò bá ju 0.08 g/km lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí TfL, àjọ ìrìnnà London. Mo mọ àwọn tó bọ́ lọ́nà yìí.

Rímù ńlá, gíláàsì dúdú, páìpù aláriwo?

Rímù àti gíláàsì kò kan èéfín. Páìpù aláriwo ò kan ẹ̀rọ èéfín náà, ṣùgbọ́n òfin sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ tún sàlẹ́ńsà ṣe kí ariwo rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Àwọn aládùúgbò yín á bá wọn dá sí i.

Kí ni mo lè ṣe ní ọjọ́ ìdánwò?

Ẹ má gbé ọkọ̀ tútù lọ. Mo ti ṣe àṣìṣe yìí fúnra mi. Ilé mi ò ju òpópónà méjì lọ sí ilé MOT, mo rọra gbé Civic mi débẹ̀ lówùúrọ̀ January kan, ó jókòó níta fún wákàtí kan, CO rẹ̀ ga, ó kùnà. Mo wà á dé Lewisham, mo padà, ó yege láìfi spánà kan nǹkan kan. Kátálíìsì tútù, òkúta ni.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bó bá ti pẹ́, torí ọ́ìlì tí bẹntiróòlù ti pò mọ́ máa ń gbé HC sókè. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ àti plọ́ọ̀gì. Ẹ sì tẹ́tí sí páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́: ihò tíntín níbi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀ lè fa afẹ́fẹ́ wọlé, lambda á lọ sí 1.05, ẹ ó máa ra sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣẹ̀. Ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde ń sọ̀rọ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà. CO ga, epo ti pọ̀ jù. HC ga, plọ́ọ̀gì kan ò tanná dáadáa. Lambda nìkan ló ga, ẹ wá ihò.

Ó kùnà. Kí ló kù?

Owó MOT ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ ju £54.85 lọ. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, wọn ò gbọdọ̀ gba owó àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ lọ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú: bí MOT àtijọ́ bá ṣì wà láàyè, tí wọn ò sì kọ dangerous sínú ìwé, ẹ lè gbé e kúrò níbẹ̀ láti lọ tún un ṣe, kó ṣáà ti yẹ fún ojú títì. Ìkùnà náà ò ní parẹ́ o. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ yín lè kà á lórí GOV.UK, títí kan ẹni tó fẹ́ rà á lọ́la.

Mo fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ṣé kí n tà kátálíìsì rẹ̀ níbí kó tó wọkọ̀ ojú omi?

Owó tó ń wọlé níbẹ̀ dùn, mo mọ̀. Àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò ní 2020 pé láti 2021, ọkọ̀ tí yóò wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà gbọ́dọ̀ bá Euro 4 mu. Ẹni tó bá ti dúró ní Ọjọ́ta nígbà tí dánfó ń kọjá mọ ibi tí àdéhùn náà dé. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Brain box rẹ̀ á ṣì máa wá kátálíìsì tí ẹ ti tà, iná á máa tàn láti Àpápá dé Abẹ́òkúta, rewáyà á sì máa gbowó lọ́wọ́ àbúrò yín lóṣooṣù láti pa á. Ẹ fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ní àyè, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ oxygen tuntun méjì sínú bọ́ọ̀tì.